PSA bàbá wa ga, wọ́n ní ká ṣe biopsy: ṣé kí wọ́n gba ihò ìdí ni, àbí abẹ́ ẹpọ̀n?

Omo_OmuAran:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wa tó ń gbé Òmù-Àrán ti pé ọmọ ọdún 68. Láti bí ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń jí tọ̀ lóru, ìtọ̀ náà á sì tún máa kán lẹ́yìn tí wọ́n bá rò pé ó ti tán. A mú wọn wá sí Ìlọrin, wọ́n ṣe PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo bí pròsítéètì ṣe ń ṣe sí, ó jẹ́ 14.6. Dókítà fi ìka yẹ ìdí wọn wò, ó ní apá òsì pròsítéètì le ju apá ọ̀tún lọ. Ó ní ká wá ṣe biopsy, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni, pé inú ihò ìdí ni àwọn ń gbà ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ábújá ní ká má gbà, pé èyí tó ń gba awọ abẹ́ ẹpọ̀n wọlé ló dáa, òun ti rí ilé ìwòsàn aládàáni tó ń ṣe é níbẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ibí. Bàbá wa kékeré ní tiwọn ní ká má dá a lábàá rárá, pé bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ló máa tàn káàkiri ara.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ tàbí tó ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn o, ìyẹn ń lọ lọ́wọ́.

IyaNoosi_Tanke:
Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Tíátà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ bàbá ni mo ti dúró tì lórí tábìlì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni pròsítéètì wà, òun ló yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara ti ìfun ìdí. Ohun tó jẹ́ kí ìka dókítà kàn án nìyẹn.

Bí wọ́n bá gba ihò ìdí, bàbá á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n á ká eékún mọ́ àyà. Wọ́n á ti ẹ̀rọ skáànì gígùn kan bọ ihò ìdí kí dókítà lè máa wo pròsítéètì lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú, lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹran á gba ara ìfun wọ inú pròsítéètì. Méjìlá ni wọ́n sábà máa ń fà, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, tín-ín-rín ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì gùn ju bíi sẹ̀ńtímítà méjì lọ. Kì í pẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń padà sílé.

Bó bá jẹ́ ti abẹ́ ẹpọ̀n, skáànì ṣì máa wọ ihò ìdí o, àwọn èèyàn máa ń rò pé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni kò gba ìfun mọ́. Bàbá á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ́ sókè lórí irin, wọ́n á fọ awọ tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí, wọ́n á pa á kú, abẹ́rẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń kun èèyàn lóorun fún un. Ní báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ń fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ nìkan.

Kòkòrò ni ọ̀rọ̀ gbogbo. Inú ìfun kún fún kòkòrò, abẹ́rẹ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá lè gbé e wọ pròsítéètì, kó sì ti ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Awọ ara ṣeé fọ̀ mọ́, ìfun ò ṣeé fọ̀ mọ́ tán. Ìyẹn ló mú kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù máa sọ láti 2021 pé ti abẹ́ ẹpọ̀n ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa rò. Ó tún rọrùn láti gba abẹ́ ẹpọ̀n dé apá iwájú pròsítéètì, èyí tó jìnnà sí ìfun. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti ihò ìdí lọ, ó sì máa ń dùn wọ́n jù ú lọ lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n yín ò sọ ìyẹn.

Ẹ bá mi kí bàbá kékeré. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Ẹni tí wọ́n gbé wá nígbà tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun, wọ́n ṣe biopsy fún un, ó kú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, abẹ́rẹ́ ni ẹbí máa ń dá lẹ́bi. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí abẹ́rẹ́ yìí gbé jẹjẹrẹ pròsítéètì lọ síbòmíì, mi ò rí dókítà tó torí ẹ̀ dá a dúró rí.

BabaIbeji_Offa:
Ti ihò ìdí ni wọ́n ṣe fún èmi. Kí n má parọ́, ẹ̀rọ skáànì yẹn ló nini lára jù, abẹ́rẹ́ ò tó o. Dókítà kọ́kọ́ yìn ín sínú afẹ́fẹ́ kí n lè mọ ìró rẹ̀, torí ó ń dún "pá!" bí ìgbà tí èèyàn ń fi sitápùlà lu ìwé, ẹni tí ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè fò lórí tábìlì. Nígbà tó fi máa bọ́ sí apá kejì, èmi àti nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀rọ̀ owó epo bẹntiróòlù.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ìtọ̀ máa pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ náà lè ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ìyẹn kì í pẹ́ lọ. Àtọ̀ ló máa ń pẹ́ jù. Ó lè pọ́n, kó tún dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti sá, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ bá mi sọ fún ìyá wa náà, kí wọ́n má bàa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí míì nínú ilé.

Apoogun_OffaGarage:
Ẹ dúró ná. Ṣé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ bàbá wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀? PSA tó ga kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ tààrà. Ohun tí pròsítéètì fúnra rẹ̀ ń sun jáde ni, gbogbo ohun tó bá sì ń dà á láàmú ló lè gbé e sókè: bó ṣe máa ń wú fún àwọn àgbà láìsí jẹjẹrẹ, kòkòrò nínú ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ tó há, rọ́bà tí wọ́n tì bọ ọ̀nà ìtọ̀, kódà kí èèyàn sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ kan méjì sáájú àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ ná, wọ́n á sì fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ kí wọ́n tó tún PSA ṣe. Òdìkejì ni ti ẹni tó bá ń lo finasteride tàbí dutasteride. Oògùn yẹn máa ń gé PSA sí ìdajì lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, 5 tí lábù bá kọ fún irú wọn, 10 ni kí dókítà kà á sí.

Gbogbo oògùn tí bàbá ń lò, ẹ kó páálí rẹ̀ dání lọ. Warfarin, clopidogrel, gbogbo èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà ló máa sọ ìgbà tí wọ́n á fi sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Aspirin kékeré, ọ̀pọ̀ dókítà ló ń gbà kí èèyàn máa lò ó lọ. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà, ẹ sọ ọ́, irú wọn ni kòkòrò máa ń tètè mú. Ẹ mẹ́nu ba àgbo náà. Mo mọ̀ pé àgbo wà. Kò sí bàbá tí ìtọ̀ ń dà láàmú ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ò ní ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Omo_OmuAran:
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìgò wà o, mo ti yà á ní fọ́tò. Aspirin kékeré àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò, kò sí ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ti yẹ ìtọ̀ wò, kò sí kòkòrò. Wọ́n tún PSA ṣe ní lábù míì, 15.1 ló jáde.

Igbomina_UK:
Ẹ kú làálàá. Níbi tí mo wà ní UK, MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PROMIS, tó jáde ní 2017. Ọkùnrin 576 ni wọ́n ṣe MRI fún, wọ́n ṣe biopsy ihò ìdí fún wọn, wọ́n tún wá fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo pròsítéètì wọn létí-létí láti mọ òótọ́. Nínú àwọn tí jẹjẹrẹ tó léwu wà lára wọn, MRI rí 93 nínú 100. Biopsy ihò ìdí tí kò mọ ibi tó ń lọ rí 48. Ìyẹn ni pé ó fojú fo ju ìdajì lọ! Wọ́n tún rí i pé bíi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni ì bá má nílò abẹ́rẹ́ rárá bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ wo MRI. Ní 2018, ìwádìí PRECISION tẹ̀ lé e, ọkùnrin 500. Àwọn tí wọ́n fi MRI júwe ibi tí abẹ́rẹ́ máa lọ, wọ́n rí jẹjẹrẹ tó léwu lára 38 nínú 100, àwọn tí wọ́n kàn fa ẹran wọn káàkiri, 26. Jẹjẹrẹ wẹ́wẹ́ tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára, tó kàn ń kó ìpayà báni, èyí tí MRI darí kò rí tó bẹ́ẹ̀: 9 sí 22.

Ní ti ọ̀nà méjèèjì tí ẹ ń bèèrè, ìwádìí TRANSLATE tó jáde ní 2025 fi wọ́n wéra lára ọkùnrin tó lé ní 1,100 níbí. Ti abẹ́ ẹpọ̀n rí jẹjẹrẹ tó yẹ kí wọ́n rí lára 60 nínú 100, ti ihò ìdí rí i lára 54. Àwọn tí kòkòrò gbé dé ọsibítù lẹ́yìn rẹ̀ ò pọ̀ lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ihò ìdí ló pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín l'Ábújá ò purọ́. Kí ẹ tún rántí pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń kà pé jẹjẹrẹ pròsítéètì máa ń mú nínú àwa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú níbí, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀. Ẹ̀yin ọmọkùnrin wọn náà, ẹ máa múra.

Alaaji_OjaOba:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. MRI, MRI! Ẹni tó ń fi owó àjọ ẹgbẹ́ wá owó biopsy, ẹ tún ní kó lọ ya MRI, kó wá wọkọ̀ lọ Àbújá. Àbúrò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ó ń dúró de èyí tó dáa jù. Nígbà tí owó máa fi pé, ẹ̀yìn ti ń ro ó, kò lè dìde mọ́, jẹjẹrẹ ti wọ egungun ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tó bá wà nítòsí, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń ṣe é, ẹ ṣe é.

IyaNoosi_Tanke:
Aláàjì, ẹ kú àìsí àbúrò. Ọ̀rọ̀ yín àti ti Ìgbómìnà lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀, ẹni tó ni pròsítéètì ló máa yàtọ̀.

Bí PSA bàbá kan bá jẹ́ 5 tàbí 6, tí dókítà fi ìka kàn án, tó rọ̀, tó dọ́gba, èmi á ní kí onítọ̀hún tà ohun tó bá lè tà ya MRI, torí ó ṣeé ṣe kí MRI yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ pátápátá. Ti bàbá yìí kọ́ nìyẹn. 14.6, 15.1, apá kan sì le. Ohunkóhun tí MRI bá sọ, abẹ́rẹ́ ṣì máa wọlé. Àǹfààní tí MRI máa ṣe fún wọn ni pé á júwe ibi tí wọ́n máa gún, ìka dókítà sì ti júwe apá kan ná. Bí owó bá wà fún méjèèjì láìsí ìdádúró, ẹ ṣe méjèèjì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni apá yín ká, biopsy ni. Ẹ kàn bẹ dókítà pé kó fa ẹyọ méjì mẹ́ta kún un níbi tó le yẹn.

60 sí 54 yẹn náà, ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn á torí ẹ̀ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta máa kó owó jọ. Iná tó ń jò níbí ni kòkòrò, ẹ sì lè pa á láìjẹ́ pé ẹ dé Àbújá. Ẹ bi wọ́n léèrè pé oògùn apakòkòrò wo ni wọ́n máa fún bàbá. Bí wọ́n bá ní cipro nìkan, ẹ tún bèèrè. Ìlú tí wọ́n ti ń ra cipro lọ́dọ̀ kẹ́míìsì fún gbogbo ibà tí wọ́n bá ti pè ní táífọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ìfun wa ni cipro ò ràn mọ́. Bí bàbá bá ti lo oògùn apakòkòrò kankan láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tàbí tí wọ́n bá dá wọn dúró sí ọsibítù, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Àwọn ibòmíì máa ń fi ọ̀wù yẹ ìdí wò ṣáájú, kí lábù lè sọ oògùn tó máa ràn án. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n máa fi ayodíìnì fọ inú ihò ìdí kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Kò wọ́n, ó ń dín kòkòrò kù, àmọ́ ọ̀pọ̀ kì í rántí àfi tí èèyàn bá bèèrè.

Omo_Igbaja:
Ẹ fi ti ìka láìsí skáànì kún un. Ibi tí wọ́n ti ṣe ti bàbá wa (mi ò ní dárúkọ), ìka ni dókítà fi júwe fún abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ kankan. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lóru ọjọ́ kejì ni ara wọn gbóná, tí wọ́n ń gbọ̀n rìrì. A ní ibà ni, a ra oògùn ibà. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò mọ orúkọ wa mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ní ká gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀.

IyaNoosi_Tanke:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ìka láìsí skáànì ṣì wà níbi tí ẹ̀rọ ò sí, ó sì lè rí jẹjẹrẹ ńlá tí ìka kàn, àmọ́ èyí tó bá fara pa mọ́, kò lè rí i. Ní Ìlọrin, ẹ bèèrè skáànì.

Ẹ gbọ́, kí gbogbo ilé mọ èyí: lẹ́yìn biopsy, bí ara bá gbóná kọjá 38, tàbí tí òtútù ń mú bàbá tó ń gbọ̀n, tàbí ìtọ̀ há, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde pẹ̀lú dídì ńláńlá, ọsibítù lóru yẹn. Kì í ṣe kẹ́míìsì, kì í ṣe paracetamol ká máa wò ó títí di àárọ̀. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe biopsy pròsítéètì ni.

Labu_Sango:
Mo rí i pé gbogbo yín ń jà lórí bí abẹ́rẹ́ ṣe máa wọlé, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ẹran ń lọ lẹ́yìn náà. Inú lábù ni èmi ń ṣiṣẹ́. Ẹran tí wọ́n fà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú fọ́málíìnì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe omi, kì í ṣe omi iyọ̀. Mo ti gba ìgò tó jẹ́ omi lásán ló wà níbẹ̀, ẹran ti bàjẹ́, bàbá náà tún padà sórí tábìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé bàbá lọ, ẹ wo ìgò: ó yẹ kí wọ́n kọ ọ̀tún sọ́tọ̀, òsì sọ́tọ̀. Tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìgò kan, a lè sọ pé jẹjẹrẹ wà, a ò lè sọ ibi tó wà.

Nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ wá Gleason níbẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí jẹjẹrẹ ṣe le tó. Ọ̀gbẹ́ni Gleason, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1966. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń so pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran ló ń ṣáájú. 3+3 ni èyí tó kéré jù tí a ń kọ báyìí fún biopsy, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni wọ́n kàn ń ṣọ́, wọn kì í fọ̀bẹ kàn án. 3+4 àti 4+3, méjèèjì jẹ́ 7, ṣùgbọ́n 4+3 ló burú jù. Àwọn lábù kan á tún kọ gíréèdì 1 sí 5, 1 ló fúyẹ́ jù. Bí wọ́n bá kọ pé wọn ò rí jẹjẹrẹ, tí PSA sì ń ga sí i, ẹ má jó. Ibi tí abẹ́rẹ́ dé nìkan ni a yẹ̀wò. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni MRI wúlò fún gan-an kí wọ́n tó tún gún wọn. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tọ́jú búlọ́ọ̀kù ẹran náà, ìyẹn ẹran tí a fi ìda dì, dókítà míì lè fẹ́ wò ó lọ́la.

Alfa_Agbaji:
Mo fẹ́ sọ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó ń mú àwọn bàbá kan sá. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí ààwẹ̀, kó sì san án padà, ó wà nínú Àlùkùránì, Súrà kejì. Bó bá jẹ́ Ramadan ni wọ́n fi biopsy sí, ẹ má torí ààwẹ̀ fo oògùn apakòkòrò. Ìtọ̀ tó ń kán tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ kò ní kí bàbá fi ìrun sílẹ̀, kó wẹ ibẹ̀, kó fi nǹkan dì í, kó ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Tó bá ta kókó, ẹ mú un lọ bá Alfa yín.

Omo_OmuAran:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. A ti jọ sọ̀rọ̀ nílé. Ìlọrin ni a máa ti ṣe é, ti ihò ìdí, pẹ̀lú skáànì. Mo bi dókítà ní ìbéèrè ayodíìnì àti ti cipro, ó wò mí, ó ní "Ta ló kọ́ ẹ?", ṣùgbọ́n ó gbà, ó ní òun á fi abẹ́rẹ́ gentamicin kún un torí a ti lo cipro fún wọn lọ́dún yìí. Ẹ̀gbọ́n mi l'Ábújá kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì hàn wọ́n, wọ́n ní ká fi owó tí àwọn fẹ́ ná síbẹ̀ pamọ́ de ìtọ́jú. Bàbá kékeré ò tíì fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti ní àwọn máa bá wa lọ.

Ẹyọ kan ló kù: ṣé a lè gbé wọn padà sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ náà?

IyaNoosi_Tanke:
Rárá o. Lọ́jọ́ kejì kẹta ni ibà kòkòrò sábà máa ń yọjú, ẹ má jẹ́ kó bá yín ní ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ lóru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn sọ́dọ̀ ẹbí kan ní Ìlọrin fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n lè jẹun, wọ́n lè rìn, kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Kí wọ́n má gun ọ̀kadà, kí wọ́n má gbé nǹkan tó wúwo. Kí wọ́n sì lo oògùn apakòkòrò yẹn tán, ẹ máa kà á lójú wọn.

Apoogun_OffaGarage:
Kí ẹnìkan sì bá wa tọ́jú ìgò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn títí dókítà á fi ní ó tó.